Ọmọ Tí Wọ́n Ń Gé Kúrò Nínú Àwòrán

Àbúrò mi obìnrin, tíṣà ni. Kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí látìgbà tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sì wù ú láti ṣe òmíràn. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, àwọn tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, tí wọ́n ṣì máa ń ṣèèṣì pe tíṣà wọn ní "Màmá mi" lójú gbogbo kíláàsì, tí ìtìjú á sì mú wọn dorí kodò. Àǹtí Ó-Yé-Yín làwọn òbí ń pè é, nítorí kò lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó má béèrè pé ó yé yín. Ó ń bi ọmọ, ó ń bi òbí, ó tilẹ̀ bi ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ni mí, a sì jọ ń gbé ilé kan náà látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló máa ń jókòó sí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀, á sì máa ròyìn fún mi bí mo ṣe ń tẹ máṣíìnì. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, apá kan rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó kù ṣojú mi kòrókòró.

Kí fóònù tó gba gbogbo ayé kan, pátákó kékeré kan ló gbé kọ́ sára ògiri níta kíláàsì rẹ̀. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà sí i, àti iṣẹ́ àṣetiléwá, àti bí òbí ṣe lè ran ọmọ lọ́wọ́ láìbá a ṣe é. Mo rántí ọ̀kan: "A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aago. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ra aago o. Ẹ ṣáà bi ọmọ yín pé aago mélòó lẹ jẹun alẹ́. Tó bá ṣì í, ẹ má gbá a lórí, ẹ ní kó tún un wò. Ó yé yín?" Àwọn òbí á dúró níbẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, àbúrò mi á jáde wá bá a, á fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó ń ti ibẹ̀ lọ lófìfo.

Nígbà tí fóònù dé, ó kó gbogbo òbí kíláàsì rẹ̀ jọ sínú gúrúùpù kan, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ibi tí àgbàlagbà bá pé sí, játijàti ò ní ṣàì wà níbẹ̀. Ìyá kan ń polówó ọṣẹ. Bàbá kan ń fi àdúrà gígùn gbọọrọ ránṣẹ́ ní kùtùkùtù, tí fóònù gbogbo èèyàn á máa han. Bàbá mìíràn wà tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀, lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n bíi ti lọ́yà. Àbúrò mi gbà á, ó máàkì í, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìwé náà pé, "Bàbá gbìyànjú gan-an. Ó ku ọmọ." A jọ rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí tí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyẹn nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yẹn.

Ẹni tó ni ilé-ìwé náà, Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ má bínú pé mi ò ní fi "wọ́n" pọ́n ọn lé. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ahọ́n mi gbé e.

Mọ́mì lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tóun náà ní ilé-ìwé, ó sì rí i pé àwòrán ni wọ́n fi ń fa òbí wọlé níbẹ̀. Bó ṣe dé, ó pe àwọn tíṣà jọ.

"Ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù," ló wí. "Ta ló ń ka gbogbo ìtàn tí ẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ yẹn? Àwòrán ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Òbí fẹ́ rí ọmọ tó mọ́ tónítóní, tó ń rẹ́rìn-ín, tó dà bí ọmọ olówó. Ẹni tí kò tíì mú ọmọ wá náà á rí i, á sáré wá."

Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan tó mọ àwòrán yà ni yóò máa yà á. Iṣẹ́ tàwọn tíṣà kò ju kí wọ́n fi í ránṣẹ́ lórúkọ ara wọn.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ àwòrán náà fún. Aṣọ funfun bíi ti dókítà ni, kéékèèké, táwọn ọmọ á máa wọ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ayàwòrán náà yọjú.

"Àǹtí aránṣọ, ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí ẹ̀yìn rẹ̀," ló wí. "Iwájú nìkan ni àwòrán ń rí."

Mo gbójú sókè, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ló bá di pé mo rán aṣọ tí kò lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ ọmọ lọ́rùn bí ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ọmọ ọwọ́ láyà kí oúnjẹ má baà ta sí i lára. Kíláàsì kan á bọ́ ọ, kíláàsì mìíràn á gbé e wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́. Ikun imú gbẹ sí i lápá, òógùn sọ ọrùn rẹ̀ di pípọ́n, ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú garawa. Nínú àwòrán, ó funfun báláú.

Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì nínú yàrá náà, wọ́n po aró mọ́ omi nínú ìgò, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí sáàárín. Wọ́n á kó àwọn ọmọ wọlé, wọ́n á ní kí wọ́n dorí kọ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n la ẹnu bí ẹni tó rí ìyanu. Iná àwòrán á bù yẹ̀rì, wọ́n á sì lé wọn jáde.

Ọmọ kan bi àbúrò mi pé, "Àǹtí, kí ló yẹ kí n rí níbẹ̀?"

Àbúrò mi fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Òkùnkùn birimù ni. Kò sí gíláàsì nínú ẹ̀rọ náà rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó kọ sábẹ́ àwòrán ni pé, "Lónìí, àwọn ọmọ wa ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀." Ó kọ ọ́. Nígbà tó délé, kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi bó ṣe máa ń ṣe. Ìdí omi ló lọ tààrà, ó bu omi sẹ́nu, ó ń tu ú dànù, ó ń tu ú dànù, bí ẹni tó jẹ ohun tó ti bà jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wá di ohun tí kò ráyè mọ́. Tó bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán, Mọ́mì á ní kó pa á rẹ́, pé ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Pátákó ara ògiri náà, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ní ó dà bíi ti ilé-ìwé tálákà. Àwọn ọmọ á dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láìṣe iṣẹ́ wọn, òbí ò mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Tí àbúrò mi bá bi òbí kan nípa rẹ̀ ní géètì, á ní, "Háà, Àǹtí, a rí àwòrán yẹn o! Ó dáa gan-an!"

Nínú kíláàsì náà, ọmọbìnrin kan wà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Rédíò, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ń ya igi, ó ń bá igi náà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, á béèrè pé ṣé kóun dákẹ́ pátá ni àbí kóun rọra máa sọ ọ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ìrákòrò, omi gbígbóná dà sí i lójú. Àpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, ó fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ti rí i títí, kò jọ wọ́n lójú mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ò sí nítòsí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, màmá kan tó ń bá àwọn èèyàn fọ aṣọ, tí ọṣẹ ti jẹ àwọ̀ ọwọ́ wọn títí ó fi ń bó.

Ní gbogbo ìgbà tí ayàwòrán bá ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, á ní, "Ìwọ, lọ bá mi bu omi wá." Tàbí, "Ìwọ, lọ wò ó bóyá Mọ́mì wà ní ọ́fíìsì." Rédíò á sáré lọ, inú rẹ̀ á dùn pé òun ni wọ́n rán níṣẹ́. Kó tó dé, wọ́n á ti yà á tán. Bó bá wá ṣèèṣì wà níbẹ̀, wọ́n á gé e kúrò nígbẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó fura. Ohun tó jẹ́ kó fura ni apá ọmọ kan tó rí nínú àwòrán, apá nìkan, láìsí ọmọ, tó gbé e lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ náà. Ti Rédíò ni.

Kó tó ráyè sọ ohunkóhun, màmá alágbàfọ̀ ti dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò wọlé, wọ́n ká ọwọ́ wọn pọ̀ sínú ìró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Ṣé ọmọ mi ń wá síléèwé ṣá?"

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ó ń wá o. Òun nìyẹn, ó ń bá ògiri jà lọ́hùn-ún."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà. Kí ló dé?"

Màmá ṣàlàyé pé àwọn ò ní irú fóònù tó ń gba àwòrán. Ọ̀dọ̀ ìyàwó káfíńtà, alábàágbé wọn, tí ọmọ tirẹ̀ wà nínú kíláàsì kan náà, ni wọ́n ti máa ń lọ wo àwòrán ilé-ìwé. Wọ́n á wò ó, wọ́n á tún un wò, wọn ò ní rí ọmọ wọn. Ọmọ ìyàwó káfíńtà wà níbẹ̀. Ọmọ gbogbo ayé wà níbẹ̀.

"Mo bi í pé níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ? Ó ní òun lọ bu omi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi kan náà. Mo ní irọ́ ni, ó ń sá níléèwé, ó ń lọ ṣeré lójú títì." Ohùn màmá rẹlẹ̀. "Mo nà án, Àǹtí. Mo fi okùn tí mo fi ń sá aṣọ nà án."

Àbúrò mi pe Rédíò, ó gbé etí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sókè díẹ̀. Ojú ẹgba wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn itan, ó wú, ó ti ń dúdú. Ọmọ náà ní, "Ó ti ń san, Àǹtí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nìkan." Màmá yí ojú sí ògiri.

Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi kò lè jẹun. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó wò ó, ó fi àwo bò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣe ló ń rí mi lára," ló wí. "Orúkọ mi ló wà lábẹ́ àwòrán yẹn o. Bíi pé èmi ni mo mú okùn."

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Mọ́mì ní ọ́fíìsì. Mọ́mì ń jẹ ọsàn, ó ń tu kóró rẹ̀ sínú àwo kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, kò dáwọ́ ọsàn dúró.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ló wí. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń wá ilé-ìwé fún ọmọ yín, tẹ́ ẹ wá rí irú ojú yẹn níwájú, ṣé ẹ ò ní bi ara yín pé kí ni wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe níbẹ̀?"

"Ilé ni omi gbígbóná ti dà sí i lójú, mà. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà yẹn."

"Ṣé kí n wá kọ ìyẹn sábẹ́ àwòrán?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó tu kóró. "Mi ò lé e jáde, mi ò nà án. Ẹni tó nà án ni kẹ́ ẹ lọ bá. Èmi kàn ń tún àwòrán mi ṣe ni."

Àbúrò mi sọ fún mi pé omi ọsàn ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ obìnrin náà, pé ibẹ̀ lòun ń wò.

Nígbà tó yá, ọgbọ́n kan sọ sí i nínú. Wọ́n ní kó má kọ̀wé gígùn, wọn ò ní kó má sọ̀rọ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù lọ́jọ́ Ẹtì. Á sọ ohun tí wọ́n kọ́, á sọ iṣẹ́ àṣetiléwá, á dárúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ pátá, á sọ nǹkan kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe. "Ọmọ káfíńtà ti ń kọ orúkọ rẹ̀ láìyí lẹ́tà sẹ́yìn. Ìbejì méjèèjì jà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún jà." Lẹ́yìn náà, á gbé fóònù sẹ́nu ọmọ kan kó sọ tirẹ̀. Ọjọ́ tó kan Rédíò, ohùn rẹ̀ dún gbọnrangandan: "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, a kọ́ nípa òjò. Òjò kì í tán lókè, ilẹ̀ ló ti ń gòkè padà. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi yìí, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ má bínú sí i, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é."

Ìyàwó káfíńtà sọ pé màmá alágbàfọ̀ ní kóun tún un ṣe, kóun tún un ṣe, títí tí fóònù fi kú. Àwọn òbí ń dá ohùn padà. Iṣẹ́ àṣetiléwá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá onílẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n yẹn pàápàá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, ó rí wúruwùru, inú àbúrò mi dùn sí i bíi kó gbé e kọ́ sára ògiri.

Kò pẹ́ tó fi dé etí Mọ́mì. Níbi ìpàdé òbí, tó ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí màmá alágbàfọ̀ lè wá, Mọ́mì dìde, ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ mọ́, pé ariwo ọjà ló dà bí, kò yẹ ilé-ìwé gidi.

"Àbí àwòrán ò tẹ́ yín lọ́rùn ni?" ló bi wọ́n.

Àbúrò mi dìde. Kò pariwo. Ó sọ ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń rán ọmọ bù, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹgba, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní gbogbo òbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ọmọ wọn ń ṣe, kì í ṣe ohun tí ọmọ wọn jọ.

Gbogbo wọn mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ni ìyá ọmọkùnrin kan tó rẹwà dáadáa, èyí tó máa ń wà níwájú nínú gbogbo àwòrán. Ó rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Àǹtí, a gbọ́ yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn. Tiwa ò níṣòro. Kí wọ́n bá a wá nǹkan tó máa fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn, ọ̀rọ̀ parí."

Àwọn kan mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó kù dorí kodò sínú fóònù. Bàbá onílẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n fẹ́ na ọwọ́ sókè, ìyàwó rẹ̀ rọra fà á wálẹ̀, ó sì jẹ́ kó wálẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohùn Rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn o. Nígbà tí àbúrò mi ròyìn rẹ̀ fún mi, mo dá máṣíìnì dúró. Ìwà Mọ́mì ti kó mi nírìíra tẹ́lẹ̀. Ti àwọn yìí wọ̀ mí lára ju tirẹ̀ lọ.

Àbúrò mi kò fi ilé-ìwé náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bóun bá lọ, ta ló kù fún ọmọ yẹn? Ó padà sí ti àtijọ́. Tí ilé-ìwé bá ti jáde, á dúró ní géètì, á máa fi ẹnu sọ fún òbí tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tó dúró kò pọ̀. Màmá alágbàfọ̀ máa ń dúró.

Nígbà náà ni ìdíje ewì kíké bọ́ sáàárín àwọn ilé-ìwé. Àbúrò mi fa Rédíò kalẹ̀ fún un. Mọ́mì ì bá kọ̀, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n fi ń dá ìdíje náà, àwọn adájọ́ jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọn kì í wo ojú ọmọ. Rédíò gbé ipò kìíní. Ó gbé ife ẹ̀yẹ bọ̀, ó ń bá ife náà sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ká tó wí, ká tó fọ̀, Mọ́mì ti ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, òun àti ife. Àbúrò mi rò pé ọkàn obìnrin náà ti yí padà. Mo sọ fún un pé kó má tíì yọ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pátákó ńlá náà sí ẹnu géètì. Mo gbé yunifọ́ọ̀mù tuntun tí mo rán fún wọn wá. Àwòrán ọmọbìnrin kan wà lórí pátákó náà, ó mú ife lọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán bí àwo, ẹnu rẹ̀ gún régé. Màmá alágbàfọ̀ gbé ẹrù aṣọ lórí, wọ́n fa Rédíò lọ́wọ́. Wọ́n dúró, wọ́n gbójú sókè.

"Ta ni ọmọ yìí?" ni wọ́n bi àbúrò mi.

Ọmọ ló dáhùn.

"Èmi ni, màmá. Wọ́n ti tún mi ṣe." Ó wo pátákó náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀. "Àǹtí, ṣé wọ́n máa tún ti ibí náà ṣe?"

Mi ò mọ bí màmá ṣe sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Mo kàn rí aṣọ àwọn èèyàn nílẹ̀, funfun àti aláwọ̀ lóríṣiríṣi, màmá ò bojú wẹ̀yìn wò ó. Wọ́n wọ ọ́fíìsì Mọ́mì lọ, àwa náà tẹ̀ lé wọn.

"Kì í ṣe ọmọ mi lẹ gbé síta yẹn," ni màmá wí. "Ọmọ tèmi ní àpá. Mo mọ ọjọ́ tó dé síbẹ̀, èmi ni mo gbé e sáré. Ẹ sọ àwòrán yẹn kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ojú ọmọ mi síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ má gbé nǹkan kan síbẹ̀."

"Màmá, oore la ṣe yín," ni Mọ́mì wí. "Ẹ wo bó ṣe rẹwà tó."

Màmá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò bú u. Wọ́n yí padà, wọ́n mú ọmọ wọn, wọ́n jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ nílẹ̀. Àbúrò mi wọ kíláàsì rẹ̀ lọ, ó mú báàgì rẹ̀ àti ife tó fi ń mu omi. Ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ráńpẹ́, ó jáde. Èmi náà gbé ẹrù yunifọ́ọ̀mù mi padà sórí. Ayàwòrán ń pè mí pé, "Àǹtí aránṣọ, àwọn aṣọ ńkọ́?" Mo pòṣé, mo kọjá lọ. Àwa mẹ́ta la bá màmá tún aṣọ náà fọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi, àbúrò mi àti Rédíò, tó ń sọ ìtàn aṣọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣan án.

Nínú gúrúùpù, wọ́n gbé àwòrán òdòdó kan síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn kí Àǹtí pé ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi lọ. Ìyá ọmọ tó rẹwà yẹn pè é lórí fóònù ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní, "Àǹtí, inú mi ò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe yẹn o. Ẹ ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo pè." Àbúrò mi gbé fóònù náà kalẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu etí ara rẹ̀.

Ó rí iṣẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Rédíò tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ kó máa fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn òbí bó bá ṣe wù ú, kò sì sí ayàwòrán níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni pátákó yẹn. Ọmọ ti kúrò níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní ẹnu géètì Mọ́mì, ó ń pe òbí wọlé. Èmi àti màmá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó síbi tó jókòó sí nígbà yẹn, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ló wí, "ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ dúró níwájú mi níbí, tẹ́ ẹ ní kì í ṣe ọmọ yín? Ta lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú láyé mi, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dà bí ìyẹn. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ká máa lọ.

Ilé-ìwé yẹn kún bámú títí dòní. Àbúrò mi máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má baà kọjá níbẹ̀. Èmi máa ń kọjá níbẹ̀, mo sì máa ń tutọ́. Rédíò kò ka ọ̀rọ̀ náà sí bíi tiwa. Tí ẹnikẹ́ni bá dá a dúró lọ́nà pé ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ tó wà lórí pátákó ńlá yẹn, á yí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó ní àpá sí i, á ní, "Rárá o. Ẹ wò mí dáadáa," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara rẹ̀ títí tí ẹni náà á fi wá ọ̀nà lọ.